Àgbà Ọmọ Ogún Ọdún

Ọmọ tó kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo lè ka irun tó wà ní àgbọ̀n rẹ̀: mẹ́fà ni. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀, ó so táì mọ́ ọn, ó sì há báàjì dúdú pelebe kan mọ́ àyà. Mo bọ́ jígí ojú mi, mo fi etí síńgílẹ́ẹ̀tì nù ún, mo gbé e padà sójú, mo ka báàjì. Elder. Mo tún bọ́ ọ, mo tún un nù. Elder náà ni.

Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti mọ̀ pé àgbà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá bàbá rẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, irun àgbọ̀n tirẹ̀ kò tilẹ̀ tó mẹ́fà, Elder ni wọ́n kọ sí òun náà láyà.

“Gúùdù mọ́ọ̀nìn, Bùrọ̀dá,” ni ẹni àkọ́kọ́ wí, ó na ọwọ́ sí mi kí n bọ̀ ọ́.

Ó tó ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti pè mí ní bùrọ̀dá kẹ́yìn ní Sango yìí. Inú mi kọ́kọ́ dùn, mo fọwọ́ pa orí wò bóyá ewú ti bá ọ̀nà ibòmíràn lọ. Ìgbà tí mo ṣírò ọ̀rọ̀ náà tán ni mo tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi: ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni àgbà, èmi ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni bùrọ̀dá rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ilé tí mo fi òógùn ara mi kọ́! Ní ilẹ̀ tí ìṣẹ́jú márùn-ún péré ti ń dá ìjà ta-ni-ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ láàárín Táíwò àti Kẹ́hìndé!

Mo mọ àwọn tó rán wọn. Ìjọ tí gbogbo ayé ń pè ní Mọ́mọ́nì ni. Àmọ́ ẹ má pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lójú wọn o. Láti ọdún 2018 ni Russell Nelson, olórí wọn nígbà náà, ti ní kí wọ́n pa orúkọ ìnagijẹ yẹn tì, kí wọ́n máa pe orúkọ ìjọ pé pérépéré: Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹyìn. Orúkọ tó dára ni. Ẹ ṣáà gbìyànjú kí ẹ fi júwe ibi tí ẹ ń lọ fún kọ̀ńdọ́ lábẹ́ bíríjì Sango. Kí ẹ tó dé “Ènìyàn Mímọ́”, ọkọ̀ ti kọjá Ojú-Ọrẹ. Kí ẹ tó dé “Ìkẹyìn”, wọ́n ti gbé yín dé Ìyànà Ìyẹsí, ṣéńjì yín sì ti wọlé.

Bí ọmọkùnrin wọn bá ti pé ọdún méjìdínlógún, ó lè gba ìwé ìpè. Kì í ṣe òun ló ń yan ibi tó ń lọ. Wọ́n á kọ orúkọ ìlú tí kò gbọ́ rí sínú ìwé náà, ó sì gbọ́dọ̀ dìde. Ọdún méjì gbáko ni. Àwọn obìnrin wọn, oṣù méjìdínlógún. Kò sí owó oṣù. Òun àti ẹbí rẹ̀ àti ìjọ rẹ̀ nílé ló ń wá owó tó fi ń jẹun. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́ta rí ní ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà níbí láìgba kọ́bọ̀, àfi pé tèmi, wọn ò sọ fún mi ṣáájú.

Nígbà tí àdúgbò gbọ́ pé àwọn míṣọ́nnárì láti òkèèrè ti gba ilé ní ojúlé kejì sí tèmi, òyìnbó ni gbogbo wa ń retí. Onílé ọ̀hún kun géètì. Ó ti ń fi ojú inú ka dọ́là. Àwọn tó wá bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Marwa, ọ̀kan láti Freetown, ọ̀kan láti Kumasi, àwọn méjèèjì sì dúdú jù mí lọ. Títí di òní, bí onílé náà bá rí wọn, géètì ló máa ń wò. Àwa tó kù sọ wọ́n lórúkọ lọ́jọ́ náà: Àgbà Freetown àti Àgbà Kumasi.

Bí wọ́n bá tilẹ̀ jẹ́ òyìnbó, mo ní ìbéèrè kan fún wọn. 1830 ni wọ́n dá ìjọ yìí sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún yẹn ni wọn kò ti gbà kí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú joyè àlùfáà láàárín wọn, àfi ní June 1978 tí wọ́n ní ìfihàn dé pé ó ti tó gẹ́ẹ́. Ìfihàn tó mọ ọ̀nà ilé wọn dáadáa, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó rí wa! Àwọn ará Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà sì ti ń kọ lẹ́tà sí wọn láti àwọn ọdún 1960 pé ẹ máa bọ̀. Àwọn kan ti fọwọ́ ara wọn dá ìjọ sílẹ̀ lórúkọ wọn, wọ́n ń retí ẹni tí yóò wá rì wọ́n bọmi. November 1978 ni tọkọtaya òyìnbó méjì, àwọn Mabey àti àwọn Cannon, tó yọjú. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà ni wọ́n ri Anthony Obinna, tíṣà kan ní ìpínlẹ̀ Imo, bọmi pẹ̀lú àwọn méjìdínlógún mìíràn. Ẹni tó bá rò pé àwọn oníná nìkan ló ń pẹ́ kí wọ́n tó dá wa lóhùn, ẹ bá mi ka èyí sí i létí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àwọn Mabey yẹn, àgbà tó hewú ni wọ́n.

Àgbà Freetown ni tèmi. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí Ọ̀tà. Láàárín àwọn ọdún 1850 ni ìjọ CMS rán James White, ọmọ Sàró bíi tirẹ̀, wá síbí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi wà ní Ọ̀tà, ó ń wàásù, ó ń kọ ohun tójú rẹ̀ rí ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀tà àwọn ìyá, Ọ̀tà tó mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́! Ẹ rò ó wò ná. Ìwọ ń wàásù ní ojúmọmọ, Ẹ̀fẹ̀ ń bọ̀ wá jáde lóru láti fi ọba, ìjòyè, olè àti oníwàásù ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ibẹ̀ kúkú ni èmi náà ti jogún iṣẹ́.

Àgbà Freetown kò gbọ́ Yorùbá, kò sì mọ̀ pé òun gbọ́ ọ. Ọjọ́ kejì tó dé, ó ń kọjá níwájú Ìyá Onígàrí tó ń yan gàrí lọ́wọ́. Ó juwọ́, ó ní “Kushe o!” Bí wọ́n ṣe ń kíra wọn ní Kírió lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Ìyá Onígàrí kò gbé ojú kúrò nínú agbada: “Oo, ẹ ṣé, ọmọ mi.” Ìgbà tó gbórí sókè tó rí táì ló tó ya ẹnu. Ó ní kó wá. Ó bi í pé ọmọ ta ni, tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni mo ṣe ògbufọ̀. Ọmọ náà ní Freetown làwọn ti wá, pé bí wọ́n bá bímọ lọ́dọ̀ àwọn, wọ́n á ṣe kọ́mọjáde. Bí wọ́n bá fẹ́ rántí òkú, wọ́n á se àwùjọ. Wọ́n á sì din àkàrà sí i. Ìyá Onígàrí fi igbá ìyangàrí sílẹ̀. “Ta ló jí àwọn ọmọ yìí gbé nílé?” ló bi mí. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gùn, gàrí sì ti ń jóná.

Aṣọ wọn ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó gbọ́n kì í wọ funfun ní Sango, àfi tó bá jẹ́ ará ìjọ aláṣọ funfun tàbí olórìṣà, àwọn yẹn ní ẹni tó ń bá wọn fọ̀ ọ́ lẹ́mìí. Ní ọwọ́ òsì wa, ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin. Ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀nà eléruku pupa. Èéfín á ti ibí pè, eruku á ti ọ̀hún jẹ́. Ṣẹ́ẹ̀tì tó jáde ní funfun láago mẹ́sàn-án, tó bá fi máa di ọ̀sán ó ti di àwọ̀ ògì bàbà. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fi ń fọ aṣọ, tí wọ́n fi ń ra oúnjẹ, nígbà náà ni màá rí Àgbà Kumasi létí kànga, tó ń lu kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń na ọmọ tó jí ẹran nínú ọbẹ̀.

Ìdọ̀tí kọ́ ni ìṣòro gan-an. Ní àdúgbò wa, ọkùnrin méjì tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó so táì, tó gbé báàgì kọ́ èjìká, tó ń bèèrè pé “Ṣé màmá wà nílé?”, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n lè jẹ́: agbowó gbọ́mú-lé-lántà. Ọjọ́bọ̀ sì ni wọ́n ń gba owó ọ̀sẹ̀. Ọjọ́bọ̀ náà ni àwọn àgbà wa bẹ̀rẹ̀ ìwàásù ní pópó. Bí wọ́n ṣe yọ ní kọ́nà, ìyá elépo ti wà lábẹ́ tábìlì, ìyá aláṣọ ti há ara rẹ̀ mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù, onídìrí sì fi oníbàárà sílẹ̀ tòun ti irun àbọ̀, ó bá ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Àdúgbò dá páro. Àgbà Kumasi wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó ní ó dà bíi pé àwọn ará ibí fẹ́ràn oorun ọ̀sán. Obìnrin onírun àbọ̀ nìkan ló kù lórí àga. Òun ni wọ́n wàásù fún, wákàtí kan gbáko. Níbo ló fẹ́ gbé irú orí yẹn sá lọ?

Èmi ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó, nítorí náà ọgbọ́n tèmi yàtọ̀. Bí mo bá ti gbọ́ bàtà wọn lórí yangí, màá fa okùn jẹnẹrétọ̀ kékeré mi, “I better pass my neighbour”, èyí tí ariwo rẹ̀ lè jí òkú dìde ní Ìfọ̀. Wọ́n kàn lọ́jọ́ kìíní, n kò gbọ́, wọ́n lọ. Ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹta, wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níwájú ilé mi, wọ́n ṣí ìwé, wọ́n ń kà. Mo yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń kà. Mo jẹun tán, mo tún yọjú, wọ́n ṣì ń kà. Iná ìjọba sì wà lọ́jọ́ náà o! Ọjọ́ tí NEPA ṣàánú wa, èmi ń sun pẹtirólù lọ́sàn-án gangan nítorí ọmọ kékeré méjì. Nígbà tó yá, jẹnẹrétọ̀ sín lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Kó, kó, kó. “Bùrọ̀dá, epo yín ti tán. Ṣé ká bá yín rà á wá?”

Àgbà Freetown gbé kẹ́ẹ̀gì mi lé èjìká, ti Kumasi tẹ̀ lé e, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ilé epo, wọ́n sì bá mi gbé lítà márùn-ún bọ̀, kí n lè rí ohun tí màá fi lé wọn lọ́jọ́ kejì. Ó wá di àṣà. Ọjọ́ tó bá ti wù ú, á gbé kẹ́ẹ̀gì, á mì í wò létí, á ní “Bùrọ̀dá, ó ti ń lọ sílẹ̀.”

Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn. Òfin wọn ni pé ojú ẹnìkan kò gbọdọ̀ kúrò lára ẹnìkejì, àfi ní balùwẹ̀. Tọkọtaya tó gba òrùka ní Sango kò rí ara wọn tó bẹ́ẹ̀: ọkọ ń ṣe ṣífíìtì òru ní ilé iṣẹ́, ìyàwó ń gba Ìdúmọ̀tà lọ láago mẹ́rin àbọ̀ òwúrọ̀, orí bíríjì ni wọ́n ti ń kíra. Àgbà Kumasi sọ fún mi bí ẹni ń fi àpá ogun hàn pé aago mẹ́fà àbọ̀ ni ìlànà ní káwọn máa jí. Mo ní, ọmọ mi, aago mẹ́fà àbọ̀ ní Sango, ọ̀sán ni.

Wọn kò sì gbọdọ̀ fẹ́ ọmọge fún gbogbo ọdún méjì náà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ aránṣọ tó wà ní iwájú wa ti gbọ́ èyí, ó sì ti di eré fún wọn. “Àgbà, ẹ wá ká gba ìwọ̀n yín, ọ̀fẹ́ ni!” Àgbà Kumasi á yára bí ẹni tí ajá ń lé. Ti Freetown á dúró díẹ̀, á sì wá gbé ìwé mímọ́ síwájú àyà bí asà.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ńkọ́? Láti 1833 ni ìjọ wọn ti gba ìlànà tí wọ́n fi yàgò fún ọtí, tábà, kọfí àti tíì. Ìyá Onígàrí kò sì mọ èyí nígbà tó ní kí wọ́n wá mu tíì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àgbà Freetown tẹrí ba, ó ní àwọn kì í mu tíì. Ojú ìyá kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ta ni kì í mu tíì? Ṣé wọ́n rò pé òun fi nǹkan sí i ni? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní ilẹ̀ yìí, ohun gbígbóná tó bá ti gba mílíìkì, tíì ni: Milo, tíì ni, Bournvita, tíì ni, Lipton gan-an náà, tíì ni. Milo ló wà nínú kọ́ọ̀bù. Àgbà Kumasi mọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ghana. Kò sọ̀rọ̀. Ó mu tirẹ̀ tán, ó mu ti ẹnìkejì rẹ̀ tán, ó nu ẹnu, lẹ́yìn náà ló wá túmọ̀.

Ọlọ́run kò jẹ́ kó lọ láìjìyà. Ọjọ́ iyán, mo wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin Ìyá Onígàrí ń gúnyán. Ní Kumasi, bí ẹnìkan bá ń gún fùfú, ẹnìkejì á jókòó ti odó, á máa fọwọ́ yí i bí ọmọrí odó bá ti gòkè. Àgbà Kumasi ní òun fẹ́ ṣèrànwọ́. Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì dé ìgbọ̀nwọ́, ó fa àpótí, ó bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó ki ọwọ́ bọ inú odó. Ọmọrí odó wà lójú ọ̀run. Ọmọbìnrin náà rí ọwọ́ èèyàn lábẹ́, ó ké “Yéèpà!”, ó ju ọmọrí odó nù, adìyẹ méjì fò sórí òrùlé. Ìyá Onígàrí káwọ́ lérí. Àgbà Kumasi ti yí iyán tirẹ̀, ó ti yọwọ́, ó ń wò wá kálukú pé ẹ máa gún un nìṣó. Láti ọjọ́ náà, kí wọ́n tó gbé ọmọrí odó nílé yẹn, wọ́n á kọ́kọ́ ní kí Àgbà Kumasi káwọ́ sẹ́yìn.

Mo gbìyànjú láti fi ìtàn mú un nígbà kan. Mo ní ṣebí ní June 1989, nígbà Rawlings, ìjọba yín fi òfin de ìjọ yìí ní Ghana, wọ́n lé àwọn míṣọ́nnárì òkèèrè, ó di November 1990 kí wọ́n tó ṣí i? Ó ní òótọ́ ni. Ó ní ṣebí ẹ̀yin náà lé àwọn bàbá wa ní January 1983, tí ẹ tún fi wá sọ báàgì lórúkọ? Mo ní ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé mímọ́.

Mo bá wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má sọ fún ìyàwó mi. Ìlú tí a wà yìí, ní Canaanland nìkan, ilé ìjọsìn kan ń gba 50,000 èèyàn níjòókòó láti September 1999. Ìṣọ́ òru mẹ́rin ló ń bá ara wọn díje nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní òpópónà mi. Àwọn wọ̀nyí kọrin jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọmọ ń sùn nítòsí. Kò sí ìlù. Kò sí pàtẹ́wọ́. Búrẹ́dì àti omi ni wọ́n fi jẹ Oúnjẹ Olúwa, omi lásán. Wákàtí méjì péré, wọ́n parí. Wọ́n ní mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀, kó tó di 2019. Mo di náírà mi mọ́wọ́ títí ó fi rin, kò sẹ́ni tó gbé igbá ọrẹ wá. Ìdá mẹ́wàá wà o, ìyẹn kò gbẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi gbohùngbohùn kéde iye tí ẹnikẹ́ni san. Mo bi wọ́n pé pásítọ̀ dà. Wọ́n nawọ́ sí bàbá kan tó ń to àga. Bíṣọ́ọ̀bù ni, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe jẹun, ìjọ kì í sanwó fún un. Mo bọ́ síta wá jíìpù rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ló gbé e wá. Ọkàn mi kò gbà á. Bí jíìpù ò bá sí, kí ni ọmọ ìjọ fẹ́ fi mọ̀ pé Ọlọ́run ń ṣiṣẹ́?

Kó tó di February 2019, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni irú àwọn ọmọ yìí ń gbọ́ ohùn ìyá wọn lórí fóònù: Kérésìmesì, àti ọjọ́ àwọn ìyá. Ní báyìí, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Ajé, Àgbà Freetown á dúró lábẹ́ igi máńgòrò wa níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń mú dáadáa, á gbé fóònù sókè bí ẹni ń wá òjò. Ìyá Onígàrí gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó wo obìnrin tó wà nínú rẹ̀, ó ní “Kushe o!” Ìyá ọ̀hún pariwo, “Kushe, ma!” Èyí ń sọ Yorùbá, tọ̀hún ń sọ Kírió, kò sẹ́ni tó gbọ́ ti ẹnìkejì, wọ́n sì ń dá ara wọn lóhùn. Mo gbọ́ tí Ìyá Onígàrí ń ṣàlàyé pé ọmọ náà ń jẹun o, ó kàn rù díẹ̀ ni, oòrùn ni. Dátà ló já wọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà ni àwọn ọ̀gá wọn ń ṣe àyípadà. Ó bá Àgbà Freetown lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wá dágbére fún mi, òun àti báàgì rẹ̀. Mo na ọwọ́ kí n bọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe. Ọmọ náà gbé báàgì kalẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ilé mi, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun, òjò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ìyá Onígàrí ló kọ́ ọ. Ó ní “Ẹ ṣé, Dádì.” Mo ní dìde, Àgbà, dìde, ẹrẹ̀ nìyẹn.

Láàárọ̀ àná, mo gbọ́ bàtà lórí yangí. Ti Kumasi, mo mọ̀ ọ́n. Ìkejì le, ó ń dún kó-kó bíi tẹni tí Sango kò tíì jẹ àtẹ́lẹ̀ bàtà rẹ̀. Mo yọjú lójú fèrèsé: ọmọ tuntun, Zimbabwe ni wọ́n ní ó ti wá, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun débi pé ó ń ta mí lójú.

“Gúùdù mọ́ọ̀nìn, Bùrọ̀dá!”

Mo sáré dé ìdí jẹnẹrétọ̀. Mo fa okùn. Mo tún un fà. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo mì í wò létí.